Alágbẹ̀dẹ Wúrà Tó Ń Wọn Káàdì Ọmọ Ọlọ́mọ

Inú bí mi nígbà tí wọ́n sọ ìtàn yìí fún mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́. Bí o bá kà á dé òpin tí inú kò bí ìwọ, padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí o tún un kà, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwọ gan-an ni mo ń bá wí.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí o bá gbé òrùka ìgbéyàwó tó ti ṣẹ́ fún un, á jó o pọ̀, á dán an, o kò sì ní mọ ojú ibi tó ti ṣẹ́ mọ́. Kò jí wúrà oníwúrà rí, ohun tó sì fi ń yangàn nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu kan ọ̀ràn ìgbàlà níwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ lọ wàásù fún olè. Ọwọ́ tèmi mọ́."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọwọ́ tó mọ́ náà ń ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní òpópónà kejì sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn káàdì aláwòrán tí tọmọdé tàgbà ń kó jọ. Inú ọ̀rá ni wọ́n máa ń dì wọ́n sí, mẹ́wàá mẹ́wàá, o kò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí wàá fi ya á. Ìwọ̀nba ọ̀rá díẹ̀ nínú páálí kan ló ń ní káàdì dídán, òun sì ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ní ọjọ́ tí káàdì tuntun bá jáde, àwọn ènìyàn á ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó ṣílẹ̀kùn: àwọn ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé, ìyá tó fẹ́ ra tọmọ rẹ̀, àgbà ọkùnrin tí ojú ń tì díẹ̀ pé òun náà wá. Olúkúlùkù ń retí pé bóyá tòun ló máa dán.

Alágbẹ̀dẹ yìí ló máa ń wà níwájú gbogbo wọn. Ó ti ṣàkíyèsí pé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi ń bo ojú káàdì dídán, àti pé ọ̀rá tí irú rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ máa ń wúwo ju ìyókù lọ. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ọwọ́ tìrẹ tàbí tèmi kò lè mọ̀ ọ́n. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà mọ̀ ọ́n. Ó máa ń gbé òṣùwọ̀n kékeré náà sápò, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ọjà, á sì máa wọn ọ̀rá káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wúwo, á mú un. Èyí tí kò bá wúwo, á fi èékánná tẹ igun rẹ̀ kí ó má baà tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ó fúyẹ́," á sì jù ú padà sórí pẹpẹ fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-Fúyẹ́ nìyẹn. Orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú.

Àwọn tó wúwo, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ títí olówó á fi wá rà wọ́n ní ìlọ́po iye wọn.

Ṣé ó yé ọ? Ọmọ tó dìde láàárọ̀ kùtùkùtù, tó tò títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, tó san iye kan náà tí ọ̀gá yìí san, ọ̀rá tí wọ́n ti yọ ìrètí kúrò nínú rẹ̀ ló gbé lọ sílé. Kò sì sí òfin kankan tó ní kí wọ́n mú ẹni tó yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi. Olè tó ń fo fèrèsé mọ̀ pé olè lòun.

Ó wá ṣe ní ọjọ́ kan tí káàdì tuntun jáde, ìyá oníṣọ́ọ̀bù dúró níwájú pẹpẹ, ó ní, "Ẹ dákun, bọ̀dá, ẹ má gbé òṣùwọ̀n yẹn jáde lónìí. Àwọn ènìyàn ń kùn."

Ojú Ó-Fúyẹ́ pọ́n. Ó ní, "Mo ń sanwó, àbí mi ò sanwó? Ẹni tó bá ń kùn, kó lọ ra òṣùwọ̀n tiẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ owó mi, ẹ sọ ọ́, kí n máa lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ." Ó pariwo débi pé àwọn tó tò síta gbọ́ ọ. Obìnrin náà ronú sí owó ilé tó fẹ́ san, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin náà jókòó, ó wọn gbogbo rẹ̀, ó gbé mọ́kànlá lọ. Pẹ̀lú ìbínú ló fi tẹ igun àwọn yòókù.

Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Alágbẹ̀dẹ yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bó bá ti jáde níléèwé, ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló máa ń yà sí. Yàrá kan náà ni alágbẹ̀dẹ àti bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún aago ṣe jọ ń lò, tábìlì wọn kọjú síra. Onígbàgbọ́ ni Bàbá Aláago. Ó ti bá Ó-Fúyẹ́ sọ̀rọ̀ Jésù títí, ọ̀rọ̀ kò wọ̀ ọ́ létí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ náà wọlé, ó gbé ọ̀rá káàdì mẹ́ta sórí tábìlì bàbá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo rà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká jọ ya wọ́n."

Ó-Fúyẹ́ wo ọ̀rá mẹ́ta náà. Àmì èékánná rẹ̀ wà ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ti mọ ohun tó wà nínú wọn kí ọmọ náà tó fọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́. Ọmọ náà ya á, kò sí nǹkan. Ó ya èkejì, kò sí nǹkan. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ó ya á. Kò sí nǹkan. Ó wá ṣí àpò ìwé rẹ̀, ó yọ káàdì tó fi rọ́bà so, ìdì ńlá kan, gbogbo èyí tó ti fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà láti ọdún tó kọjá. Kò sí ẹyọ kan tó ń dán nínú wọn. Ó rò pé bí òun bá lè rí ọ̀kan péré, bàbá òun á rẹ́rìn-ín sí òun bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Ó béèrè pé, "Dádì, ṣé Ọlọ́run ń bínú sí mi ni?"

Kí lo rò pé bàbá náà sọ? Ó jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ta ló ní kí o máa fi owó oúnjẹ ṣòfò?" Bí ìtìjú ṣe máa ń ṣe nìyẹn, aṣọ ìbínú ló máa ń wọ̀ jáde. Ọmọ náà kó káàdì rẹ̀, ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Bàbá Aláago gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wo alágbẹ̀dẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Ó-Fúyẹ́ rò pé òun ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ó yọ ọ̀rá mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wúwo. Ó tò wọ́n síwájú ọmọ náà, ó ní, "Mú ọ̀kan. Èyí tó bá wù ọ́." Ọmọ náà di ojú, ó mú ọ̀kan, ó ya á. Káàdì tó ń dán bí ojú omi ló jáde.

Kò fò sókè. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ibi iṣẹ́, lórí èédú àti èérún irin, ó ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ pé O ò bínú sí mi mọ́."

Alágbẹ̀dẹ náà kò lè dúró. Ó bọ́ síta.

Bàbá Aláago tẹ̀ lé e. Inú bí bàbá àgbàlagbà náà, kò sì fi pamọ́. Ó ní, "Kí lo fi ọmọ yẹn ṣe?"

"Mo fún un ní ẹ̀bùn ni, Bàbá."

"O ò fún un ní ẹ̀bùn kankan. Ohun tí o gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lo dá padà, ìyẹn ló wá ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lé lórí. O ti jókòó sórí àga Ọlọ́run, o sì ń fi èékánná tẹ orí ọmọ ọlọ́mọ."

"Mi ò jalè. Ọwọ́ mi—"

"Mo ti gbọ́ nípa ọwọ́ ẹ tó. Ọlọ́run náà ní òṣùwọ̀n. Bó bá gbé ọ lé e báyìí, kí lo rò pé yóò wí?"

Inú bí Ó-Fúyẹ́. Inú bí i sí Bàbá Aláago, sí ìyá oníṣọ́ọ̀bù, sí ọmọ tó lọ ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kó rà. Ó fẹsẹ̀ gbá ògiri. Nígbà tó yá, kò rí ẹni tí ìbínú náà yóò bá jà mọ́, ó wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Ó fúyẹ́."

Bàbá Aláago ní, "Níbo lo máa ń ju àwọn tó bá fúyẹ́ sí?"

Ó-Fúyẹ́ wo èékánná rẹ̀.

Bàbá Aláago ní, "Ọlọ́run kò jù ọ́ síbẹ̀. Jésù kò ṣa èyí tó wúwo kó fi èyí tó fúyẹ́ sílẹ̀. Àwa tó fúyẹ́ ló wá rà, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pariwo pé òun wúwo kò lè wá sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀, àwọn tó ń kọjá lọ ń wò ó. Ó ní, "Jésù, olè ni mí. Ọmọ ni mo jà lólè. Ṣàánú mi." Kò mọ àdúrà mìíràn, ìyẹn sì tó. Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Ó rò pé ó ti parí. Bàbá Aláago ní, "Dìde. Ọmọ ẹ wà nínú ilé. Bí o ò bá sọ òtítọ́ fún un, irọ́ ẹ ni yóò máa pè ní Ọlọ́run títí yóò fi kú."

Ẹ̀rù bà á ju bó ti bà á rí lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà sọ bàbá rẹ̀ àti Ọlọ́run rẹ̀ nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ọmọ náà ní, "Ṣé Ọlọ́run kọ́ ló fún mi nígbà yẹn?"

"Òun kọ́. Èmi ni. Òun kò sì bínú sí ọ rí. Èmi ni mo ń yọ wọ́n kí o tó dé ibẹ̀."

"Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà."

Ọmọ náà gbé káàdì dídán náà sórí tábìlì. Ó ní, "Mi ò fẹ́ ẹ." Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, kò sì bá a sọ ohun mìíràn. Nígbà tí Ó-Fúyẹ́ fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ní tipátipá, ìyàwó rẹ̀ dá a dúró. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Inú ń bí i, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ìdáríjì Ọlọ́run máa ń gbá ilẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ dọ̀tí sí mọ́.

Káàdì tuntun tún jáde. Ó-Fúyẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú gbogbo ènìyàn bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà kún, ó kọjú sí wọn, ó sọ ohun tó ti ń ṣe. Ó kó gbogbo ọ̀rá tó kù nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ó ní kó dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti orí pẹpẹ. Ìyá ọmọ kan di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ mi máa ń sunkún sùn nítorí ìwọ ọkùnrin yìí." Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mà." Ẹnì kan tutọ́ sí bàtà rẹ̀. Kò nù ún. Ó rìn lọ sí ìparí ìlà.

Ọmọ rẹ̀ ni ẹni tó tò kẹ́yìn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Dádì, ẹ̀yìn mi lẹ wà o. Ẹ má kọjá mi."

"Mi ò ní kọjá ẹ."

Ìlà náà sún síwájú. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn, ó ní, "Mo gbàdúrà lánàá. Mi ò tọrọ káàdì."

"Kí lo tọrọ?"

"Pé kí n lè máa bá yín sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún lórí ìlà, láàárín àwọn tó ń bínú sí i. Kò sí èékánná ẹnikẹ́ni lára ìdáhùn àdúrà yẹn.

Ìwọ tí ò ń ka èyí ńkọ́? Má sọ fún mi pé o kò wọn káàdì rí. Bóyá o ti fi ipò iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, tí o sì jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn jókòó ṣe ìdánwò tí o mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ fún wọn. Bóyá o ti ṣa ẹran tó dára kúrò kí o tó pe opó wá rà. O sanwó, òfin kò sì mú ọ. Ó dáa. O kò ní rí òfin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lọ́jọ́ tí o bá dúró níwájú Ọlọ́run.

Mi ò bínú sí ọ nítorí pé mo kórìíra rẹ. Mo ń bínú nítorí pé ẹni tó rà ọ́ ń dúró, ìwọ sì ń sọ pé ọ̀la. Ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Ẹnì kan wà nínú ilé rẹ lónìí tó ń rò pé Ọlọ́run ló ń bínú sí òun, bẹ́ẹ̀ ìwọ lo fà á. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ fún Jésù pé olè ni ọ́. Lẹ́yìn náà kí o dìde, kí o lọ sọ ọ́ fún onítọ̀hún.