Ohun Tó Ṣe Lánàá

Èérún igi ṣì wà nínú irun kápẹ́ńtà náà nígbà tó wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ dé, àyè kan ṣoṣo tó kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin aránṣọ kan tí abẹ́rẹ́ ṣì há sí ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá kápẹ́ńtà. Ṣé igi ṣì kù ní ṣọ́ọ̀bù, àbí orí yín lẹ kó gbogbo ẹ̀ lé?" ni aránṣọ bi í.

"Ó kù o. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná."

Kí sísọ ohun tó ti kọjá lè mọ́ wọn lẹ́nu, tíṣà wọn a máa ní kí ẹnì kan fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ṣe lánàá fún ẹnìkejì, kí ẹnìkejì wá dìde tún un sọ fún kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì kápẹ́ńtà ń kọsẹ̀, àmọ́ kò gbàgbé ohunkóhun tí aránṣọ bá sọ. Ìgbà wo gan-an ni ìfẹ́ wọ̀ ọ́? Àwọn méjèèjì ò lè sọ.

Bàbá aránṣọ kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Iṣẹ́ bíríkìlà ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ yìí nìkan ló kù fún un. Ọmọ náà sì ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun bá kọ̀.

"Kí lo mọ̀ nípa ọmọ mi, yàtọ̀ sí pé ó lẹ́wà?" ni bàbá bi kápẹ́ńtà nígbà tó wá kí i.

"Ohun tó máa ń sọ fún mi ní kíláàsì ni, sà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn ń dùn yín, ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún yín. Ó sọ fún yín pé òun ti jẹun. Kò jẹun. Lọ́jọ́ tí ẹ pe màmá ẹ̀ lójú oorun, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó sí, tó ń sunkún. Ó ní kí n má tún ìyẹn sọ ní kíláàsì. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Bàbá pe ọmọ rẹ̀ jáde.

"Bu oúnjẹ wá, tìẹ àti tiẹ̀. Níṣojú mi lẹ ó ti jẹ ẹ́."

Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, kápẹ́ńtà dìde.

"Lánàá," ó ní, "ó jẹun. Ó jẹun pẹ̀lú mi. Bàbá rẹ̀..." Tíṣà ní kó máa bá a lọ, kò lè ṣe é.

Aránṣọ dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo wọn.

"Bàbá mi gbà," ló fi parí ọ̀rọ̀ fún un.