Ẹṣin Ìyáàfin Garside

"Ṣé o mọ ẹṣin gùn?" ni Ọ̀gbẹ́ni Pollitt, olùdarí fíìmù náà, bi Desmond Thwaite.

"Láti kékeré ni, sà," ni Desmond dáhùn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ilé ìtàgé kékeré kan ní ìlú Halifax, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti ń ṣeré. Ẹṣin kan ṣoṣo tó fọwọ́ kàn rí láyé rẹ̀ ni èyí tó ń fa kẹ̀kẹ́ oníwàrà ládùúgbò wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tó ń fẹṣin jíṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó ṣe, kò sì fẹ́ kí ipa náà bọ́ lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí Olwen, tí wọ́n jọ ń ṣeré, gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ Desmond! Ìwọ tí o ń sá fún ajá!" Ó wá dẹ́kun ẹ̀rín. "Padà lọ sọ òótọ́ fún wọn o. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹnì kan kọ́ ọ."

"Kí wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn? Jókòó sórí ẹṣin lásán, kí ló le níbẹ̀?"

Lọ́jọ́ iṣẹ́, Ìyáàfin Garside, obìnrin tó ni ẹṣin náà, fa ìjánu lé e lọ́wọ́. "Ọwọ́ mi ni wọ́n bí i sí. Má fà á líle o, ọmọ mi."

Bí ẹṣin ṣe gbéra ni ẹ̀rù ba Desmond. Ó fa ìjánu tagbáratagbára, ó tún ń fi gìgísẹ̀ gún ẹṣin níkùn. Ẹṣin dààmú, ó yà kúrò lọ́nà, ó forí sọ ògiri olókùúta, àwọn méjèèjì sì ṣubú. Orúnkún Desmond fọ́. Ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin ṣẹ́, kò sì sí àtúnṣe. Ńṣe ni wọ́n yìnbọn fún un.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ti Desmond kò tilẹ̀ pé ogún ọjọ́. Lórí ibùsùn nílé ìwòsàn, ó jẹ́wọ́ fún Ìyáàfin Garside tó wá bẹ̀ ẹ́ wò: "Ìyáàfin, ẹ dárí jì mí. Mi ò gun ẹṣin rí."

Obìnrin náà wò ó títí. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ǹ bá fi kọ́ ọ," ló sọ, ó sì dìde, ó lọ.

Ẹlòmíràn ló ṣe ipa náà. Desmond tiro padà sórí ìtàgé. Ó ṣe ọba, ó ṣe olè, ó ṣe àlùfáà. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá kí fíìmù tó tún pè é. Nígbà tó di gbajúmọ̀, àwọn ọ̀dọ́ òṣèré a máa bi í bóyá ojú ogun ló ti fara pa.

"Rárá o," ni yóò wí. "Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, ojú tì mí láti ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹṣin ẹlẹ́ṣin ló kú sí i. Ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́ yín. Abèèrè kì í ṣìnà."