Orí Fífọ́ Gàníyù

"Mọ̀dínátù, abọ́ ẹ̀wà rèé o. Wá bó o."

Mọ̀dínátù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Yéè, orí mi, Ìyá."

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni orí yìí ń fọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti gbé ẹ̀wà àkàrà ọjọ́ kejì jáde báyìí, àìsàn dé. Bí Festus, ọmọ ilé kejì, bá sì ti yọjú, ara yá. Owó epo rọ̀bì ti wọ Ìkòtún lọ́dún náà. Bàbá Festus ti ra tẹlifíṣọ̀n tó ń lo bátìrì ọkọ̀, gbogbo àdúgbò, àti Mọ̀dínátù, sì ń fún ara wọn mọ́ pálọ̀ rẹ̀ láti wò ó.

Gàníyù, àbúrò Mọ̀dínátù tí kò tí ì pé ọdún kan, a jókòó sórí ẹní, a máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló ka ìkókó sí?

Àfi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Ìyá gbé abọ́ ẹ̀wà jáde, kò tí ì sọ̀rọ̀ rárá tí Gàníyù fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Yéè," ló wí.

Ìyá figbe ta. Nọ́ọ̀sì Agnes, ará Èkìtì tí wọ́n jọ ń gbélé, dé tòun ti abẹ́rẹ́. Ó fọwọ́ kan ọmọ.

"Ìyá Mọ̀dínátù, ara ẹ̀ ò gbóná o."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ gún un jàre. Àbí ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn. Mọ̀dínátù wo abẹ́rẹ́, ó wo ìdí Gàníyù. Festus ń súfèé níta. Bí Mọ̀dínátù bá dákẹ́, wọn á gún ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe. Bó bá jẹ́wọ́, ó dàbọ̀ tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ má gún un," ló sọ wẹ́rẹ́. "Èmi ló ń wò ṣe. Orí ò fọ́ èmi náà rí."

Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ ẹ̀wà pamọ́, orí Gàníyù yá. Ó gbé e jáde, orí tún fọ́.

"O ti sọ ọmọ mi di ọ̀lẹ kó tó yọ eyín tán," ni Ìyá wí. "Jókòó, bó ẹ̀wà. O ò gbọdọ̀ dé ilé Festus títí oṣù yìí á fi parí."

Mọ̀dínátù ń bó ẹ̀wà, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Kò pẹ́ tí Gàníyù fi rá wá, ó ki ọwọ́ bọ abọ́, òun náà ń fọwọ́ ra ẹ̀wà. Ẹ̀rín pa Mọ̀dínátù.

"Ẹ wò ó," ni Ìyá ń yangàn. "Ìwà rere tèmi ló ń jáde lára ẹ̀ yẹn."

Àsìkò náà ni Bàbá wọn, Àmúsà káfíńtà, ti ibi iṣẹ́ dé. "Ìyá Mọ̀dínátù, omi ìwẹ̀ mi dà?"

Kí Ìyá tó la ẹnu, Gàníyù fi ọwọ́ di ìbàdí mú.

"Yéè," ló wí.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá. Ó rọra gbé korobá, ó gba ọ̀nà kànga lọ, ìbàdí tó máa ń dùn ún bí Bàbá bá ti béèrè omi sì le koko.

Láti ọjọ́ náà ni Mọ̀dínátù ti mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ lè má tí ì mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n àti òbí bá ń ṣe lójú rẹ̀ ló ń kọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí àbúrò òun ya ọ̀lẹ, kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dìde.