Okùn Tí Gobnait Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Dẹ̀

"Ìwọ lo ṣe orin náà? Eibhlís, wò mí lójú! Ìwọ?" ni Gobnait bi í.

"Èmi ni o!" Eibhlís ń ṣan ife tíì, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Àwọn ará rédíò ń bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Àìkú láti wá gbà á sílẹ̀. 'Ìbànújẹ́ Eibhlís' ni wọ́n máa pè é. Bó bá ń dùn ọ́, gbé gòjé tìrẹ kó o ta á!"

Ó mọ̀ pé Gobnait kò lè ta á. Nuala, ọmọ kan ṣoṣo tí Gobnait bí, kú nígbà òtútù, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní apá Kerry tiwọn, ilé tí òkú bá ti jáde kì í gbọ́ orin títí ọdún yóò fi yí po. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, Gobnait jókòó ti ibùsùn òfìfo, ó ta orin arò kan fún ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì gbé gòjé náà, tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún un, kọ́ ara ògiri. Eibhlís, àbúrò rẹ̀ tó wá bá a tọ́jú ọmọ, dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́. Olè! Kì í ṣe orin nìkan ló jí nínú ilé náà.

"Donncha, ìwọ sọ̀rọ̀. O wà nílé lọ́jọ́ yẹn."

Donncha, ọkọ Gobnait, tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. "Mo fi Màríà Mímọ́ búra, Eibhlís ló ṣe é."

Ìgbà yẹn ni Gobnait tó mọ ìdí tí ọkọ rẹ̀ kì í fi í wo ojú òun mọ́.

Ó mú aṣọ, ó nu gòjé náà bó ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó fi àtàǹpàkò tọ́ okùn rẹ̀ wò jẹ́jẹ́, ó sì dá èyí tó bá rọ̀ padà sí bó ti wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú.

Eibhlís bú sẹ́rìn-ín. "Donncha, wá wò ó! Ó ń wẹ gòjé bí ẹni ń wẹ ọmọ!"

Lọ́jọ́ Àìkú, Eibhlís wọ bàtà tuntun tí Donncha rà fún un. Ojúkòkòrò kò jẹ́ kó mú gòjé tirẹ̀. Ti bàbá wọn tó wà lára ògiri ló já gbà, nítorí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Gobnait tẹ̀ lé wọn nínú òjò.

Ilé ẹ̀kọ́ kún. Eibhlís jókòó níwájú ẹ̀rọ àwọn ará rédíò, ó fa ọ̀pá gòjé lórí okùn. Gòjé ké bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀!

"Ẹ ò rí i! Ìlara ló mú kó ba gòjé bàbá wa jẹ́! Okùn tó nípọn jù yìí ti le kọjá ààlà!" Ó di igi etí gòjé tó ń fa okùn le mú, ó fẹ́ dẹ okùn náà.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Gobnait ló kígbe. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kó gbóhùn sókè.

Bàbá Tadhg, tó kọ́ àwọn méjèèjì ní gòjé, fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ dìde. "Eibhlís, ṣé ìwọ lo ṣe orin yìí?"

"Èmi ni, Bàbá." Donncha tún fi Màríà Mímọ́ búra pé òótọ́ ni.

"Kí ló dé tí okùn yẹn fi wà báyẹn?"

"Mo ní ó bàjẹ́!"

"Kò bàjẹ́. Ẹni tó ṣe orin náà ló gbé e sókè báyẹn nítorí orin náà. Gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Bàbá, ilé mi ṣì wà nínú ọ̀fọ̀."

"Ilé rẹ kọ́ nìyí, ọmọ mi. Ta á fún Nuala."

Gobnait kò fọwọ́ kan igi kankan. Bó ti bẹ̀rẹ̀, okùn tó nípọn ń kùn lábẹ́ orin náà láìsinmi, bí ìyá tó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Eibhlís gbọ́ orin lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó parí, obìnrin kan yíjú sí Donncha. "Màríà wo lo fi búra?"

"Eibhlís ló ní kí n..."

"Irọ́! Ìwọ lo ní o máa lé e jáde fún mi!"

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Eibhlís ti gbé àpò lọ wá ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ England, kò sí ẹni tó bá a gbé e. Láti ọjọ́ náà, inú ilé màlúù ni Donncha ń sùn, bí Mísà bá sì parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kì í kí i.

"Kí ni ká pe orin náà, ìyáàfin?" ni ará rédíò ti bi Gobnait kí wọ́n tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́.

"Nuala."

Nígbà tó délé, ó gbé gòjé padà sára ògiri. Ọ̀fọ̀ kò tíì parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, rédíò ilé kejì pe orúkọ náà gba ojú fèrèsé wọlé: Nuala. Gobnait yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ náà kó tó rántí.