Ọjọ́ Márùn-ún Kí Wọ́n Tó Gòkè

Ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kejì lásán, ni ọkùnrin náà fi sáré wọ ilé ìwòsàn ní Leh, ìlú orí òkè kan ní Íńdíà, ó pọn géńdé kan sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Eruku òkè ti sọ ojú rẹ̀ di funfun, omijé sì ti la ojú ọ̀nà méjì sí i. Diskit, dókítà tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, sáré pàdé rẹ̀.

"Ìsọkúsọ ló ń sọ láti àárọ̀," ọkùnrin náà wí. "Kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́!"

Nígbà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí aláìsàn náà nímú tán, Diskit kọjú sí ẹni tó gbé e wá.

"Ọjọ́ mélòó ló fi sinmi nílùú kó tó gòkè?"

"Àná ló ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ dé. Àná náà ni mo fi ọkọ̀ gbé e gòkè lọ síbi iṣẹ́."

"Ṣé àpò sìmẹ́ńtì lo kó ni? Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

"Ó tì mí, Dókítà. Ọ̀gá wa ló pàṣẹ. Ọ̀gá Angdus."

Angdus ni bàbá tó bí Diskit.

Rigzin ni awakọ̀ tó gbé aláìsàn náà wá ń jẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá fún Mangra, aláìsàn náà. Kò pẹ́ tí abọ́ kan fi di méjì.

"Ta ló ni èkejì?" Diskit bi í.

"Dókítà kan tó mọ èébú ú bú, tí kì í rántí jẹun."

Diskit rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Rigzin wá béèrè ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọ́síjìn ò pọ̀ lókè bíi ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa," Diskit wí, "olùṣọ́ kan wà tó ń fi ọ́síjìn àti irin bíńtín ṣiṣẹ́. Bí méjèèjì bá pé, ńṣe ló ń pa akéde kan lẹ́nu mọ́. Bí ọ̀kan bá wọ́n, apá rẹ̀ á rọ, akéde á sì kígbe pé, 'Ẹ pèsè ẹ̀jẹ̀! Ẹ dáàbò bo ọpọlọ!' Oògùn tó lè di irin yẹn mú, kí igbe náà tètè dún, ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n ìpèsè ara gba ọjọ́, bàbá mi ò sì fún un lọ́jọ́."

"Àṣé ara Mangra kígbe," Rigzin wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá ni kò gbọ́."

Diskit wò ó títí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí i.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ mìíràn ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ dé. Angdus ní kí Rigzin kó wọn gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rigzin ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

"Aláìgbọràn awakọ̀ yẹn lo fẹ́ mú wọ ilé mi?" Angdus bi ọmọ rẹ̀. "Kò ní ṣojú mi!"

"Òun ló gbọ́ràn sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, Bàbá. Ọmọ èèyàn ni ẹ ń kó lọ sókè bí igi ìdáná!"

Diskit kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Nígbà tí Mangra lè rìn, Diskit mú un lọ bá Angdus ní ọ́fíìsì. Mangra tẹríba, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, kí lorúkọ ọmọbìnrin mi? Mo sọ ọ́ fún wọn níbí lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́. Ó ti fò mí lórí láti ìgbà àìsàn yìí."

Angdus ṣí ìwé, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n kọ fún Mangra. Orúkọ Mangra fúnra rẹ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀, áḿbọ̀sì ti ọmọ rẹ̀. Angdus jókòó, kò lè gbójú sókè.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n bàbá Rigzin, pẹ̀lú Rigzin lẹ́yìn rẹ̀, gbé ìkòkò ọtí ọkà bálì wá sílé Angdus láti tọrọ Diskit, wọ́n so aṣọ funfun mọ́ ìkòkò náà lọ́rùn. Nínú àṣà wọn, bí bàbá ọmọ bá ti mu ún, ó ti fọmọ fún wọn nìyẹn. Angdus gbé ife. Diskit fi ọwọ́ bò ó.

"Ẹ má tíì mu ún. Ọjọ́ mélòó?"

Ẹnu ya àwọn àlejò: ta ló rí ìyàwó tó dá ọtí ara rẹ̀ dúró rí?

"Márùn-ún," Angdus wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí àna yín gbọ́."

"Ọjọ́ márùn-ún gbáko! Ẹnikẹ́ni ò ní gòkè kó tó pé. Orúkọ oníkálukú àti ti ọmọ rẹ̀ á sì wà nínú ìwé mi."

Diskit gbé ọwọ́ kúrò. Bàbá rẹ̀ mu ún kanlẹ̀, Rigzin, tí kò tíì mí láti ìgbà tí Diskit ti bo ife, sì wá mí.