Iwin Tó Ní Ohùn Àbíkẹ́yìn

"Ṣé o mú un wá?" Eyínfúnjowó bèèrè lẹ́yìn kíláàsì, ó na ọwọ́ bí ẹni tó fúnni ní nǹkan pa mọ́.

Àbíkẹ́yìn fọwọ́ kan àpò aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn ológun ayé àtijọ́ kọ́ sórí òkè, ibi tí àwọn àlejò ti ń wá wo yàrá tí wọ́n ń ti sójà tó bá ṣẹ̀ mọ́. Gbogbo ìlú ló gbà pé iwin wà níbẹ̀, pé ó máa ń sunkún. Bàbá Àbíkẹ́yìn a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín, a ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí kí iwin ọ̀hún wá bá òun gbálẹ̀.

Yàrá kan wà nísàlẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ̀. Kò ní fèrèsé, ìta nìkan ni wọ́n sì ti lè ṣí ilẹ̀kùn irin rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣòfin pé ẹni tó bá máa wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn kì í pariwo pe ẹnikẹ́ni, torí ohùn kì í já gaara nínú ihò yẹn. Bàtà ló ń wò. Bí bàtà bá wà, èèyàn wà nínú ilé. Bí kò bá sí, ó di kó tì í.

Láti kékeré ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti jọ ń jókòó lórí àga kan ní ilé-ìwé. Nígbà tí Eyínfúnjowó wá ní bí Àbíkẹ́yìn bá jẹ́ ọ̀rẹ́ òun dénú, kó mú òun wọ yàrá náà, ọkàn ọmọ ọlọ́mọ yọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ níbi tí bàbá rẹ̀ ń fi í pa mọ́. Ẹ ò rí i pé ọmọ yìí náà gọ̀ díẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n débẹ̀, bàbá ń mú àwọn àlejò káàkiri lókè. Àbíkẹ́yìn ṣí àgádágodo, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, ó bọ́ bàtà kan sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàlàyé òfin náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ yékéyéké, ó sì kọ́kọ́ wọlé. Eyínfúnjowó ní òun ń bọ̀, kí òun tan iná fóònù òun. Irọ́ ni. Ó gbé bàtà náà, ó sá pa mọ́ sẹ́yìn ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni bàbá kan tó jẹ́ agbálẹ̀ ibẹ̀ dé. Ó rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kò rí bàtà. Ó tì í, ó fi àgádágodo há a, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún bàbá Àbíkẹ́yìn, ó ń kùn pé ìgbàgbé ti ń bá ọ̀gbẹ́ni náà jà. Gbólóhùn kan péré ni Eyínfúnjowó ì bá sọ. Kò sọ ọ́.

Nínú òkùnkùn, Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin, ó ń ké. Àwọn àlejò tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ gbọ́ ọ, wọ́n dúró gbagidi. Àbíkẹ́yìn gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n máa ṣí òun. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn kan tó mọ̀ ju ohùn ara rẹ̀ lọ.

"Iwin ni! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sunkún!"

Eyínfúnjowó ló ń sọ bẹ́ẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lókè, ó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àlejò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹkún tí Àbíkẹ́yìn sun lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ti òkùnkùn mọ́.

Bàbá rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ agbálẹ̀ ti kó ìdààmú bá, ló sáré wá ṣí i. Níwájú ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀, Àbíkẹ́yìn jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n pe Eyínfúnjowó. Ọmọ náà ò tilẹ̀ wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Èmi ò mọ nǹkan kan, sà. Òun nìkan ló lọ síbẹ̀."

Àwọn àlejò tó rí i níbẹ̀ ti lọ, ni wọ́n bá gbà á gbọ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá Àbíkẹ́yìn, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ géètì. Nílé-ìwé, wọ́n ń gbé ohùn iwin kiri láti fóònù dé fóònù, wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, Eyínfúnjowó sì di gbajúmọ̀.

Àbíkẹ́yìn kò lè jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rẹ́ mi ló dà mí."

Bàbá gbójú sókè wò ó. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn rẹlẹ̀ ni.

"Mo mọ̀. Nínú ilé yìí, ìwọ nìkan ni mo fi ibi tí mo ń fi kọ́kọ́rọ́ sí hàn. Èmi náà, ọmọ mi ló dà mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àbíkẹ́yìn lára ju ilẹ̀kùn irin lọ. Ó wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Bàbá dáríjì í, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó tún fi àṣírí kankan hàn án.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rẹ́ tó bá ní kí ẹ da ẹni tó fọkàn tán yín, kí ẹ fi mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òun, ẹ̀yin náà ló máa dà bó bá yá.