Abẹ Lára Agolo Fíìmù

"Jùwọ́n ló máa lọ ya àgọ́ olóbì ní Sábó," ni Àǹtí Adébùkọ́lá, olùkọ́ wọn, wí, ó sì kọ ọ́ sójú pátákó.

Raqeebah rò pé òun ṣì í gbọ́ ni. Ó gbójú sókè. Orúkọ Jùwọ́n ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, níwájú "ilé ìkàwé". Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ayàwòrán ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ṣàgámù ń pàtẹ́wọ́ fún Jùwọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ Raqeebah ò kúrò lórí tábìlì. Ṣe ni ara rẹ̀ ń gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

Ta ló kọ́kọ́ mẹ́nu ba àgọ́ náà? Ṣebí òun ni. Òun ló sọ fún olùkọ́ pé ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn ìyá kan ti ń ṣa obì lábẹ́ òrùlé yẹn, pé ẹni tó ni ilẹ̀ ti tà á, pé wọ́n máa wó o kí oṣù tó parí. Ìyá Kàbírù, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ, ló dàgbà jù nínú wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Raqeebah ń gbé. Àárín apẹ̀rẹ̀ obì ló ti kọ́ ìrìn. Kí wá ni ti Jùwọ́n níbẹ̀, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ìtòsí oríta márosẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí kò mọ̀yàtọ̀ gbànja sí àbàtà?

Olùkọ́ ní ìdí tirẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá rán Raqeebah, ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ni yóò yà bọ̀. Àmọ́ kò sọ ọ́ síta, Raqeebah náà ò sì bi í. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé eegun ẹja mì.

Bàbá Tàjúdéènì ló yá wọn ní kámẹ́rà tí wọ́n fẹ́ lò. Àgbà oní-fọ́tò ni ní Ibido. Ó ti ya ìgbéyàwó àti ìkómọ káàkiri Rẹ́mọ kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló wá kọ́ wọn bí kámẹ́rà oní-fíìmù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó gbé agolo fíìmù kan, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ, sókè fún wọn. Àwọn ojú onígun mẹ́rin kéékèèké tó dà bí àpótí wà lára rẹ̀, òmíràn ń dán bíi fàdákà, òmíràn dúdú.

"Kámẹ́rà ò lójú tó fi ń ka nọ́ńbà," ni bàbá ṣàlàyé. "Ìka irin ló ní nínú. Ìka yẹn ló fi ń tọ́ àwọn àpótí yìí wò. Ibi tó bá jẹ́ irin lásán, iná bátìrì á kọjá. Ibi tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bò, iná ò ní kọjá. Ohun tó fi ń mọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí nìyẹn."

Ó ní fíìmù tí wọ́n rà jẹ́ ọgọ́rùn-ún, pé kì í yára, ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ó fi èékánná tọ́ka sí àpótí dúdú kan, ó ní bí ènìyàn bá ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò pẹ́nrẹ́n, kámẹ́rà á rò pé fíìmù ẹgbẹ̀jọ ni, èyí tí ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tó. Kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó wọlé, gbogbo àwòrán á sì ṣú. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Raqeebah kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àwòrán. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Fíìmù méjì ló wà níbẹ̀, orúkọ oníkálukú lórí ike tirẹ̀. Ó mú ti Jùwọ́n, ó mú abẹ tí ó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, ó ha àpótí tí bàbá tọ́ka sí títí irin fi yọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù padà. Wọn á rí i pé Jùwọ́n ò mọ nǹkan kan, wọn á sì ní kí òun lọ tún un yà. Ó ṣáà ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó wó àgọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Raqeebah ya tirẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, Jùwọ́n gbé kámẹ́rà dé Sábó. Raqeebah wà níbẹ̀, ó ń bá ìyá àgbà rẹ̀ to obì. Ìyá Kàbírù ti kìlọ̀ fún gbogbo àwọn ìyá láti ọjọ́ mẹ́ta pé kí wọ́n múra dáadáa. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó yí apẹ̀rẹ̀ ká nínú àgọ́ tí òkùnkùn díẹ̀ máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí kò ní kámẹ́rà ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, kò sì sí ẹni tó ronú pé òun nílò àwòrán mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí iléèwé fẹ́ yà.

Jùwọ́n tẹ kámẹ́rà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó yíjú sí Raqeebah, ó sì rọra bi í pé, "Ibí ṣókùnkùn. Ṣé kò yẹ kí iná rẹ̀ máa tàn ni?"

Raqeebah mọ ìdí tí iná ò fi tàn: kámẹ́rà rò pé ìmọ́lẹ̀ ti tó. Ìyá Kàbírù ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síwájú, ó gbé obì méjì dání. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kó jáde.

"Kámẹ́rà mọ ohun tó ń ṣe," ló wí.

Ọjọ́ kẹta ni katapílà dé. Ẹni tó ra ilẹ̀ ò dúró de ìparí oṣù. Àwọn ìyá ń sáré kó apẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ti ń wó ògiri lẹ́yìn wọn, kí wọ́n sì tó kírun ọ̀sán, ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ìyá Kàbírù dúró lójú ọ̀nà, ó ń pariwo mọ́ ẹni tó ń wa katapílà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé àwọn ti ya fọ́tò. Raqeebah ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn àwòrán dé láti Èkó tí wọ́n ti lọ fọ fíìmù. Ti Raqeebah mọ́ kedere. Ti Jùwọ́n ṣú bíi ìdí ìkòkò. Àǹtí Adébùkọ́lá ránṣẹ́ sí Bàbá Tàjúdéènì, ó sì sọ̀rọ̀ sí i lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n gbé fáwọn, pé ohun tí kò ṣeé tún yà mọ́ ló ṣòfò yìí. Àwọn ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́. Bàbá arúgbó náà fa agolo fíìmù méjì yọ lápò. Ó ti bẹ àwọn tó ń fọ fíìmù pé kí wọ́n máa dá agolo òfìfo padà fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ó da méjèèjì sórí tábìlì, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Kámẹ́rà kan náà ló ya méjèèjì," ló wí. "Ọgọ́rùn-ún ni méjèèjì. Ẹ wá wo ara wọn."

Gbogbo wọn rí i. Àpótí kan tó dúdú lára ti àkọ́kọ́ ń dán lára èkejì, ojú abẹ sì hàn níbẹ̀.

Olùkọ́ yíjú sí Jùwọ́n, ó bi í bóyá eré ló ń fi í ṣe. Omi bọ́ lójú Jùwọ́n. Raqeebah wo bàbá, ó wo Jùwọ́n, ó rí i pé ẹni méjì ló ti ń jẹ ìyà iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó dìde.

"Èmi ni, ma. Inú ló bí mi. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ àgọ́ yẹn fún yín, ẹ wá gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

Olùkọ́ gbà níkẹyìn pé ó yẹ kí òun ti ṣàlàyé, ó sì kúnlẹ̀ bẹ Bàbá Tàjúdéènì. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ò kúrò lára Raqeebah.

"Ìbínú rẹ lẹ́jọ́ rò," ló wí. "Abẹ rẹ ò ní. Èmi ni mo fi ohun tó o fi ṣìkà kọ́ ọ, ìyẹn ló dùn mí jù."

Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ sílé, kò sì padà wá mọ́ ní gbogbo sáà náà. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Raqeebah, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ti ilé ló le jù. Ìyá Kàbírù gbọ́ ọ tán, kò lù ú, kò ṣépè. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ṣé èmi ni mo yan Jùwọ́n ni?" Lẹ́yìn náà ló ní kó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní kó lọ bá àwọn ìyá mẹ́jọ yòókù níkọ̀ọ̀kan, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn ìdí tí kò fi sí fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi rìn ín, nítorí wọ́n ti fọ́n ká. Àwọn kan pòṣé. Ọ̀kan, tó ti padà sí oko rẹ̀ ní Akaka, yí ẹ̀yìn sí i, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Jùwọ́n ló bẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọ náà tẹ́tí gbọ́ ọ dópin.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́."

Raqeebah gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, pé ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, ẹnu ló yẹ kó fi bèèrè, lójú gbogbo ayé, lọ́wọ́ ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ gan-an. Ìbínú tí a bá gbé lọ sí kọ̀rọ̀ kì í mọ ojúlé tó ń lọ. Jùwọ́n ni Raqeebah rán tirẹ̀ sí. Ìyá àgbà rẹ̀ ló lọ bá.